Ta Ni Ó Wa Ọkọ̀ Náà?



Bí ọkọ̀ kan bá sáré ju bí òfin ti wí lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò di dandan kí ọlọ́pàá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà kí a tó mú ẹni tí ó wà á. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan wà lórí òpó tí ó ń wọn eré ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n, ẹ̀rọ náà yóò ya àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, àwọn ìlà funfun tí a kùn sí ojú ọ̀nà yóò sì jẹ́rìí sí bí ó ti rìn jìnnà tó láàárín àwòrán kìn-ín-ní àti èkejì. Maurice Gatsonides, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan, ni ó ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Asáré-ìje ni ọkùnrin náà. Òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìje Monte Carlo ní ọdún 1953, ìdí tí ó sì fi kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà ni kí ó lè mọ bí òun ti ń yára tó ní ibi tí ọ̀nà gbé ṣẹ́ kọ́rọ́, kí òun lè túbọ̀ sáré sí i. Ohun tí a fi ń wá eré ni ó padà di ohun tí a fi ń mú asáré. Ní ọdún 1992 ni a gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní afárá Twickenham ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ọkọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wá, kì í ṣe ojú awakọ̀. Nítorí náà, kí ọjọ́ 14 tó pé, ìwé kan yóò ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ gba ìwé ọkọ̀. Ẹ kíyèsí ohun tí ìwé náà ń béèrè. Kò béèrè bóyá ọkọ̀ náà sáré, nítorí ẹ̀rọ ti dáhùn èyí. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, ta ni ó wà á? Ọjọ́ 28 ni a fún ẹni náà láti kọ orúkọ kan sílẹ̀, kí ó sì buwọ́ lù ú.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ju mọ́tò lọ. Nínú ọgbà Édẹ́nì, Ọlọ́run béèrè lọ́wọ́ Ádámù bóyá ó ti jẹ nínú èso igi tí a kà léèwọ̀, Ádámù sì dárúkọ obìnrin. A bi obìnrin náà, òun sì dárúkọ ejò. Kò sí ẹni tí ó wí pé, Èmi ni. Kì í ṣe pé Ọlọ́run kò mọ̀. Ààyè ni ó fún wọn kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ààyè náà ni wọ́n sì fi ṣòfò.

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2017, ẹ̀rọ ayàwòrán mú ọkọ̀ kan ní abúlé Thorney, ní ìhà Cambridgeshire. Máìlì 30 ní wákàtí kan ni òfin ibẹ̀. 41 ni ọkọ̀ náà ń sá. Fiona Onasanya ni ó ni ín, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, orúkọ ìdílé rẹ̀ kò sì lè ṣe àjèjì sí etí ẹnikẹ́ni nínú wa. Agbẹjọ́rò ni, kò sì tíì pé oṣù méjì tí àwọn ará Peterborough ti dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìwé dé. Orúkọ tí a kọ sí i jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ ayálégbé rí. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá sì wádìí, wọ́n rí i pé ọkùnrin náà wà ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ tí a wí pé ó wa ọkọ̀ kọjá ní Thorney. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà kò lè fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n èkejì dá a lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, a rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, ipò aṣòfin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí ìwé pé kí ó padà sílé; òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a yọ báyìí nínú ìtàn ilé ìgbìmọ̀ náà. Ní oṣù kẹjọ, a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò. Ó yẹ kí a fi kún un pé òun fúnra rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn kò gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣírò ní Ọ̀jà-Ọ̀dàn. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ irú ẹ̀bi eré yìí sábà máa ń san 100 pọ́n-ùn, a ó sì kọ àmì ẹ̀bi mẹ́ta sí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, a tilẹ̀ lè gbà kí ó lọ jókòó ní kíláàsì fún wákàtí díẹ̀ dípò èyí. Àmì 12 láàárín ọdún mẹ́ta ni ó sábà máa ń gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Eré kò lé e kúrò ní ilé ìgbìmọ̀. Orúkọ tí ó wà lórí ìwé náà ni ó ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àrùn ọmọ dúdú nìkan ni èyí: Chris Huhne, tí ó jẹ́ mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀bi eré tí ó sá ní ọdún 2003 lé aya rẹ̀ lórí, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà sì ni àwọn méjèèjì wọ ẹ̀wọ̀n, oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn Onasanya tí ó yẹ kí ó kan àwa onígbàgbọ́ lára ju ẹ̀wọ̀n lọ. Lẹ́yìn tí a dá a lẹ́bi, ó kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun wà ní ẹgbẹ́ Jósẹ́fù, Mósè àti Dáníẹ́lì, tí ilé ẹjọ́ ìgbà ayé wọn dá lẹ́bi. N kò fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn wa púpọ̀. Bí a bá ti mú wa, kíákíá ni a ó ti wí pé ayé ń ṣe wá, pé ọ̀tá ni, pé Jésù náà jìyà. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù kò fọwọ́ kan aya Pótífárì, ohun tí a sì mú Dáníẹ́lì sí ni àdúrà. Ẹni tí a mú sí ohun tí ó ṣe ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ lọ bá wọn jókòó. Ẹlòmíràn ni kí ó wá nínú Ìwé Mímọ́, olè tí a kàn mọ́ àgbélébùú ní ẹ̀gbẹ́ Olúwa wa, ẹni tí àṣà Ìjọ ń pè ní Dísmásì. Ó bá èkejì rẹ̀ wí pé ìyà tí àwọn ń jẹ tọ́ sí àwọn, pé Ọkùnrin tí ó wà láàárín nìkan ni kò ṣe ohun búburú kan. Ẹ wò ó: kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a sọ òun kalẹ̀. Òun ni a sì ṣe ìlérí Párádísè fún ní ọjọ́ náà gan-an.

Èyí ni ó mú mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣì. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ fún àlùfáà tí ó sì gba ìdáríjì kò tíì san owó ìtanràn. Nátánì sọ fún Dáfídì pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, síbẹ̀ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bí kò yẹ̀ kúrò ní ilé rẹ̀. Bí ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ eré kò tó ohun tí a ń gbé lọ sí ibi ìjẹ́wọ́, ẹ wo Katikísmù Ìjọ, níbi tí ó ti ń tú òfin karùn-ún: ó ka ẹni tí ó fi ọtí tàbí ìfẹ́ eré wu ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn léwu sí ẹni tí ó jẹ̀bi ńlá.

Ẹ ó wí pé ní Ìlaròó níhìn-ín, a kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ayàwòrán mú asáré láti ọdún 2025, Èkó kò sì jìnnà sí wa. Ní ayé àtijọ́, Ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀rọ ayàwòrán ilẹ̀ Yewa. Ẹni tí ó bá hùwà ìkà yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórin ní àárín ọjà lóru, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí yóò fi orúkọ ẹlòmíràn kún. Lónìí, ẹ mọ ọ̀nà wa. Ẹ mọ ọkọ̀ ìrẹsì fàyàwọ́ tí ó ń ti Ìdí-Ìrókò bọ̀ ní eré àsápajúdé, ẹ mọ tírélà sìmẹ́ńtì tí ó ń jáde láti Ìbèsè, ẹ sì mọ àwọn ọmọ wa tí ń gun ọ̀kadà lọ sí Pólì. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin fi sílẹ̀ fún wa nínú ìlú. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá 100 ń lọ ní bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ìyá tó pe orúkọ ọmọ tí ń kọjá ọ̀nà tán, ọkọ̀ ti dé orí rẹ̀.

Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá sì dá wa dúró, a ní fọ́ọ̀mù tiwa. A ó tẹ ọ̀gá kan láago pé kí ó bá wa sọ̀rọ̀. A ó sọ pé aláboyún ni a ń gbé, nígbà tí àpò gaàrí ni ó wà lẹ́yìn. A ó ká owó mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ó bi mí pé, ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba tí ó sì ń béèrè owó náà ńkọ́? Ó jẹ̀bi, bóyá ju yín lọ, nítorí òfin ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n kò lè tà á bí kò bá rí ẹni rà á. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ìwé ẹ̀bi yín, kí ẹ sì lọ san owó náà ní báńkì, kí ẹ gba rìsíìtì.

Mo fẹ́ bá àwọn ìyá àti bàbá sọ̀rọ̀ kí n tó gbé kálámù sílẹ̀. A dá arákùnrin Onasanya náà lẹ́bi nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́wàá sì ni ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kò sì fi ara wọn sílẹ̀, àní títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ti lọ bá wọn wẹ ọmọ tuntun. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan pé aago yóò dún: "Màmá, ẹ kú alẹ́. Ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin náà wà níbí ní oṣù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ yín, ẹ ti padà sí Ayétòrò, wọn ò lè rí yín mú." Ẹ má ṣe bínú sí i, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ẹ bi í ní iye owó náà. Bí kò bá ní in lọ́wọ́, ẹ bá a dá a láàárín ẹbí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wí fún un pé: "Ọmọ mi, ọjọ́ mélòó ni ó kù nínú ọjọ́ 28 náà? Mú kálámù. Orúkọ tìrẹ ni kí o kọ. N kò ní gbé fóònù sílẹ̀ títí ìwọ yóò fi buwọ́ lù ú."