Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Lúùkù 2:1-20. 2 Jòhánù 12

Ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń bó, ẹ má gbàgbé òrí o. Kérésì náà ti ń kan ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti wà nínú mi láti ọdún 2020.

Ẹ ò tíì gbàgbé ọdún yẹn. Àrùn kòrónà ti rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún wá gbérí lóṣù Kejìlá. Ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé ìjọsìn má ṣe gbà ju ìdajì èrò tó máa ń gbà lọ. Ní London, láti ọjọ́ 20 oṣù náà, òfin ti dé pé kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ti ń múra àtiwálé ò lè wá mọ́. Ọdọọdún la máa ń ṣe àríyá Kérésì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, ní Òmù-Àrán, ní ọ̀sán ọjọ́ 24. Lọ́dún yẹn, a pinnu pé orí Zoom la ó ti ṣe é.

Èmi ni wọ́n ní kí n fi líǹkì ránṣẹ́. Gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí lísìtì ni mo fi ránṣẹ́ sí, n ò fo ẹyọ kan.

Ká sòótọ́, àríyá náà dùn. Torí ọdún, Zoom ti mú òdiwọ̀n ìṣẹ́jú 40 kúrò, kò sẹ́ni tó lé wa. Ẹni tó wà ní Houston ń gbé àwo jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀ hàn wá, ìdílé kan ní Èsìẹ́ ń fi iyán tiwọn yangàn. Bàbá kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ tipẹ́ rí àwọn akọrin, wọ́n ń juwọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró, gbogbo ojú á kàn dúró gbagidi bí àwọn ère òkúta tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́ láti 1945, a ó bú sẹ́rìn-ín. Bó bá tún ṣí, a ó máa bá orin lọ, ẹnì kan á ṣáájú, ẹnì kan á gbẹ́yìn. Nígbà tí mo fẹ́ sùn lálẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

A yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn Kérésì, lọ́jọ́ kejì, ni mo gbọ́. Màmá kan wà nínú ìjọ wa, opó ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Fóònù kékeré tó ń tan tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò lè gba líǹkì, nítorí náà a ò kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lọ sọ fún wọn. Màmá wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n we gèlè, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bá géètì ní títì. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì níta títí oòrùn fi ń wọ̀, kí wọ́n tó padà sílé.

Mo sáré lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, dìde. Mo rò pé ẹ ti sún un síwájú ni."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Kò tilẹ̀ wá sọ́kàn wọn pé a lè ṣe é láìsí àwọn.

Ẹ wo Lúùkù orí kejì. Orúkọ kíkọ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Késárì ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo èèyàn, ìyẹn ló gbé Jósẹ́fù àti Màríà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀run fẹ́ kéde ìbí náà, áńgẹ́lì ò lọ bá ẹni tó mú ìwé orúkọ dání. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ àgùntàn nínú pápá lóru ló lọ, àwọn tí kò sẹ́ni tó máa rántí pè síbi àríyá. Àwọn náà ò sì fi mọ sórí ìròyìn tí wọ́n gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fojú ara wọn rí ọmọ náà ní ibùjẹ ẹran.

Ẹ wo Jòhánù náà. Ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti kọ, síbẹ̀ ó fi ìwé àti tàdáwà sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ wá kí àwọn sọ ọ́ lójúkojú, kí ayọ̀ wọn lè kún. Kò bú ìwé o. Ìwé náà ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó mọ ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀: ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwa náà ò bú Zoom. Ó gbé Houston wá sí Òmù-Àrán. Ṣùgbọ́n ibi tí líǹkì ò bá dé, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Àbí kí ni Kérésì gan-an? Ọlọ́run ti ń ránṣẹ́ sí wa tipẹ́, wòlíì ń lọ, wòlíì ń bọ̀. Nígbà tí àkókò tó, ó wá fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta bo imú, a lọ sílé Màmá, a jókòó síta gbangba. A pe ọmọ wọn ní London lórí fóònù, ojú rẹ̀ yọ. Màmá nawọ́, wọ́n fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà lórí gíláàsì. Wọ́n ní, "Ojú ẹ̀ tutù. Ṣé kì í ṣe òtútù ló ń mú un?" Àwa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń sunkún. Nígbà tí ọ̀nà là, ó wálé.

Àṣàrò tí ẹ ń kà yìí pàápàá ò lè dé orí fóònù Màmá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i kà lẹ máa gbé e débẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ta ni ní àdúgbò yín tí orúkọ rẹ̀ ò sí lórí lísìtì kankan? Ẹ lọ kí i. Ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ lọ.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tí o wá bá wa fúnra rẹ, dárí jì wá nítorí àwọn tá a gbàgbé sẹ́nu géètì. Fún wa ní ẹsẹ̀ tó ń lọ àti ojú tó ń ríni. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ wa á dára o.