Ọwọ́ Kò Jẹ̀bi, Ẹnu Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí ọwọ́ wa bá kan ìkòkò iṣu gbígbóná, yóò fà sẹ́yìn kí a tó mọ̀ pé iná jó wa. Iṣan ara ló gbé ìròyìn dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àṣẹ ti wá, kò dúró de ọpọlọ. Ta ni yóò bá ọwọ́ wí?

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, tí a bú ìyá tó bí i, ǹjẹ́ a lè sọ pé, "Inú ló bí mi, n kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́"? Rárá. Èébú kì í ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá. Ọpọlọ ló ń to ọ̀rọ̀ kí ó tó rán ahọ́n níṣẹ́. Àyè kékeré yẹn ni Ọlọ́hun fi sí wa níkàáwọ́. Òun la ó jíhìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi dákẹ́.