JÓSẸ́FÙ RÒ Ó WÒ

 

*Bíbélì kíkà:* Mátíù 1:18-25

Nínú ìtàn Kérésì tí Mátíù sọ, ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ló ṣáájú. A kàn máa ń yára kọjá níbẹ̀ ni. Jósẹ́fù rí i pé àfẹ́sọ́nà òun ti lóyún, òun kọ́ ló sì ni ín. Láàárín àwọn Júù nígbà náà, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ló ń tú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Jósẹ́fù ti fẹ́ kọ̀ ọ́, síbẹ̀ olódodo ni Bíbélì pè é.

Nítorí náà, ẹni tó ń ro ìkọ̀sílẹ̀ lásìkò yìí, kó má rò pé Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí òun. Wọ́n wà láàárín wa. Wọ́n ń ná ìrẹsì àti aṣọ ọdún l'Ọjà Igbó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nílé, "owó dà?" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù láàárín tọkọtaya. Ọdún kọ́ ló dá ìjà náà sílẹ̀, ó kàn ń tú u síta ni. Owó ọdún, ilé ẹbí ta la máa lọ, ìyá ta ni wọn ò rántí: gbogbo rẹ̀ á dé pọ̀. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lẹ́yìn odi á wálé, ẹbí á pé. Á wá dà bíi pé àsìkò ti tó ká tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

Ẹ wo Jósẹ́fù. Kò fẹ́ dójú ti Màríà. Bẹ́ẹ̀ ni kò kánjú: ó ń rò ó, ilẹ̀ ṣú, ó sùn. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Ká ní ó ti pariwo nírọ̀lẹ́, kí ni áńgẹ́lì ì bá tún wá sọ lóru?

Kóòtù pàápàá kì í kánjú. Òfin ìtúká ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ní kí adájọ́ máa wò ó bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ gbígbé lọ́tọ̀ lẹni tó ṣe alárédè fi pẹjọ́, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 2 bí ẹnì kejì bá gbà, ọdún 3 bí kò bá gbà. Ṣé orí ìrẹsì Kérésì ló wá yẹ ká ti tú u? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé, kó má dúró de ẹ̀yìn ọdún. Kó kúrò níbẹ̀ lónìí, kó sọ fún ẹni tó fọkàn tán, kó sọ fún ọlọ́pàá. Kò dẹ́ṣẹ̀. Jósẹ́fù tó ní sùúrù yìí náà ló gbé ìyá àti ọmọ sá lọ Íjíbítì lóru, nígbà tí Hẹ́rọ́dù fẹ́ pa ọmọ.

Ó lè jẹ́ pé ìpínyà náà ni ìrònú máa já sí. Síbẹ̀, èyí tí a fara balẹ̀ rò, tí a ò fi dójú ti ẹnìkan, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ìbínú ọjọ́ kan bí.

*Ìgbésẹ̀:* Ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó pẹ̀lú àgbà kan tó lè pa àṣírí mọ́. Títí dìgbà náà, ẹ má gbé e lọ sípàdé ẹbí, ẹ má sì gbé e sí status.

*Àdúrà:* Baba, jẹ́ ká mọ ìgbà tó yẹ ká dúró, àti ìgbà tó yẹ ká sá. Bá wa pa iná tó ń jó nílé wa láìrú èéfín. Lórúkọ Jésù. Àmín.