Ta Ló Ń Sọ Pé Ó Tó?

Ogun Hitila ò sọ Ìsàlẹ̀ Èkó di ahoro, àmọ́ ó wọnú ìkòkò wa. Láti 1941 ni ìjọba amúnisìn ti ń pàṣẹ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta oúnjẹ, Kápútéènì A. P. Pullen ló sì wà nídìí ètò náà. Wọ́n ya ìsọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún gaàrí, èrò ń tò, wọ́n ń ti ara wọn. Àwọn ìyá ọlọ́jà fárígá: iye tí ìjọba dá ò tó owó tí àwọn fi rà á lóko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀. Ìjọba fi 100 pọ́n-ùn lóṣù lọ Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà, olórí àwọn ìyá ọlọ́jà ní ọjà Eréko, pé kó fọwọ́ sí ètò náà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ní 1945 ni ètò náà kógbá sílé.

Ẹ wá wo ìyá onígaàrí lónìí ní òpópónà Adéníji Adélé l'Ékòó. Yóò ki kóńgò bọ inú gaàrí, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ká etí rẹ̀ mọ́, yóò máa dà á lé e títí yóò fi ṣe ṣóńṣó. Èènì á tún tẹ̀ lé e. Kóńgò parí síbi etí rẹ̀. Èyí tó ga ju ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ìyá yẹn ló gbé e ró. Ibẹ̀ gan-an ni Pullen ti ṣì í: ó rò pé inú nǹkan ni iye nǹkan wà, pé bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Mi ò ní torí èyí sọ ọjà di ọ̀run o. Ọwọ́ tó ń ṣe ṣóńṣó náà ló lè lu ìdí kóńgò wọnú, kó má baà gbà púpọ̀. Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ ò ká oúnjẹ mọ́, irú àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Òkúdu 1945, nílò ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ ọ̀wọ́n. Irú ìgbàlà bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìwé ìpín oúnjẹ wà lọ́wọ́ olówó àti tálákà títí di 1954; ó fi ìwọ̀n tó jẹ́ ti kálukú hàn án. Ní ti gaàrí l'Ékòó, iye owó nìkan ni wọ́n dá, kò sẹ́ni tó ṣèlérí gaàrí fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wo ló kù nínú iye owó tí mo mú dání débi ìsọ̀ tó ṣófo? Lójú tèmi, ohun tí Pẹ̀lẹ́wúrà kọ̀ nìyẹn: kí ẹni tí gaàrí kì í ṣe oúnjẹ ilé rẹ̀ máa dá sọ fún ẹni tó ń rù ú àti ẹni tó ń jẹ ẹ́ pé ó ti tó.