Ìgbàgbọ́ Kì í Fi Ti Ẹlòmíràn Wewu

Bíbélì kíkà: II Sámúẹ́lì 24:15–25, Mátíù 14:22–33



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lákòókò yìí ni ọ̀rọ̀ ìgbésẹ̀ ìgbàgbọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò sí bí a ṣe lè tẹ̀ lé Ọlọ́run kí a má kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: nígbà tí a bá ní a ń fi ìgbàgbọ́ wewu, ohun ta ni a fi ń wewu?

Ó nídìí tí a fi ń béèrè. Ní ọjọ́ ìkórè kan, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa jẹ́ ẹ̀jẹ́ owó tó pọ̀, ó sì san án lójú ẹsẹ̀. A pàtẹ́wọ́, a jó yí i ká. Ẹ̀yìn náà ni a gbọ́ pé owó ìdánwò àṣekágbá ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà jókòó sílé fún ọdún kan gbáko. Òun kọ́ ló jẹ́ ẹ̀jẹ́, òun ló san án. A kò lè di ẹ̀bi náà ru arábìnrin wa nìkan, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wa tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan béèrè ibi tí owó náà ti wá. Àtẹ́wọ́ wa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Dáfídì. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ló dá, ṣùgbọ́n 70,000 ènìyàn ni àjàkálẹ̀ àrùn pa. Ìgbà tí ó rí èyí ni ó bẹ Ọlọ́run pé kí ọwọ́ Rẹ̀ wà lára òun àti ilé bàbá òun. Nígbà tí a rán an lọ kọ́ pẹpẹ ní ilẹ̀ ìpakà Àráúnà, Àráúnà fẹ́ fún un ní màlúù àti igi lọ́fẹ̀ẹ́. Dáfídì kọ̀. Kò fẹ́ fi ohun tí kò ná an ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa. Ó san ṣékélì fàdákà 50.

Irú ọkàn yìí náà ni a rí níbi tí Ìjọ Ẹlẹ́tọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn Sàró, àwọn tí a ti gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí a sì kó dé Freetown, dá owó ara wọn jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé ní 1839. Etíkun tí a ti tà wọ́n ni wọ́n ń padà sí, wọ́n sì mọ̀ pé a tún lè mú wọn tà. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ̀wé láti Àgbádárìgì pé kí a rán oníwàásù wá. Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní September 24, 1842, pẹ̀lú William de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Freeman padà lọ, tọkọtaya yìí dúró, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Owó ara wọn àti ara tiwọn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi wewu.

Pétérù náà rìn lórí omi, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bẹ Jésù pé kí Ó pe òun. Nígbà tí ó sì ń jáde, kò fa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pé kó bá òun bọ́ sómi, kò sì lu ọkọ̀ àwọn tó kù nílùú.

Ẹnìkan lè bi wá pé, opó Sáréfátì ńkọ́, tó fún Èlíjà nínú oúnjẹ ìkẹyìn òun àti ọmọ rẹ̀? Ìbéèrè rere ni. Ẹ kíyèsí i pé ìlérí Ọlọ́run ti dé kó tó bu ìyẹ̀fun, àti pé Èlíjà ní kí ó ṣe ti ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn náà. A kò gbàgbé ọmọ náà. Ìyá náà kò sì ní oúnjẹ mìíràn tó fi pa mọ́ fún ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìbora fún ìbẹ̀rù. Ní ọdún ìkórè tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn gan-an, a ní kí ẹgbẹ́ wa wá kọ́ àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà ní ìwé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Owó wà nínú àpò ẹgbẹ́. A ní kí a ṣe sùúrù, kí a fi ọgbọ́n ṣe é. Oṣù kejì, a fi owó náà ra aṣọ ẹgbẹ́. Ohun ọmọ ọlọ́mọ yá wa lára láti ná, ohun tiwa kò yá wa lára.

Nítorí náà, arábìnrin, kí o tó gbé ẹsẹ̀, bi ara rẹ: Ṣé Olúwa ló pè mí, àbí ojú ayé? Bí kò bá rí bí mo ṣe rò, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí ó bá kan ọkọ àti ọmọ, ǹjẹ́ mo ti bá wọn sọ ọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé èmi nìkan ni yóò ná, kí ni mo ṣì ń dúró dè?

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìgboyà láti fi ohun tiwa sílẹ̀, kí Ó sì fún wa ní ìfẹ́ tí kò ní jẹ́ kí a fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Àmín.