Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Ń Tọ́jú Oúnjẹ Pamọ́: Ṣé Kò Gbára Lé Ọlọ́run Ni?

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin mi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ó dá gbogbo ẹ̀dá, tí ó sì mọ ibi tí arísìkí oníkálukú wà. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Arábìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ sọ pé òun ń dá àjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òun lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí òun bá gba òmìnira. Arákùnrin kan dá a lóhùn pé ẹni tí ó bá gbára lé Ọlọ́run kì í kó owó pamọ́ de ọ̀la. Ó ní àìpé ìgbàgbọ́ ni. Ni arákùnrin mìíràn bá dìde, ó ní bí ìtọ́jú bá dára, kí ló wá burú nínú àgbàdo tí òun rà pamọ́, tí òun kò fẹ́ tà títí yóò fi gbówó lórí? A kò parí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ náà. Níbo gan-an ni ìtọ́jú parí sí, níbo sì ni ọ̀kánjúà ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kẹ́rẹ́. Kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ inú igbó tiwa, tí kò mọ òjò dídì, ni mo ń sọ, bí kò ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé láti ọdún 1876 ni wọ́n ti kó o wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà tí ó ti ṣẹ̀, bí ìgbà òtútù bá dé, ewé a wọ́ tán lórí igi, òjò dídì a bo ilẹ̀, èso a di ohun àwátì. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí kì í sì í sùn gba ìgbà òtútù já bí àwọn ẹranko kan ti ń ṣe. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ebi sì ń pa á. Kí ni ó wá ń ṣe? Kí òtútù tó dé ni ó ti jẹun sanra, tí ó ti fi ewé àti ẹ̀ka igi kọ́ ìtẹ́. Ó ń sá sókè sódò, ó ń ri èso igi óákù mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí olè bá rí ọ̀kan, ìyókù ṣì wà. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn bá ń wò ó, yóò gbẹ́lẹ̀, yóò bò ó bí ẹni pé ó ti fi nǹkan sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni èso náà wà. Nígbà tí òtútù bá mú, yóò fi ìrántí àti imú wá wọn kàn.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Irú igi óákù méjì pàtàkì ni ó wà níbẹ̀. Èso óákù funfun kì í pẹ́ hù. Bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ ni ó ti ń yọ èéhù kí òtútù tó dé. Èso óákù pupa ní tirẹ̀ kì í hù títí òtútù yóò fi kọjá. Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ó sábà máa ń jẹ ti funfun lójú ẹsẹ̀, a sì ri ti pupa mọ́lẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tọ́jú ti funfun, yóò kọ́kọ́ fi eyín gé ibi tí èéhù yóò ti yọ kúrò, kí ó má baà hù, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ wa ti ń já èéhù ara iṣu tí ó kó pamọ́. Ta ni ó kọ́ ọ? Kò lọ sí ilé-kéwú, kò lọ sí yunifásítì. Ọba Adẹ́dàá ni.

Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan wà ní Alaska tí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Inú ihò ilẹ̀ ni ó ń gbé, oṣù méje sí mẹ́jọ ni ó sì fi ń sùn nínú ọdún. Ara rẹ̀ a tutù kọjá ibi tí omi ti ń dì, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì. Ọ̀rá tí ó ti fi sára ni ó ń gbé e ró. Al-Kùránì sì rán wa létí nínú Súrà al-‘Ankabūt pé ọ̀pọ̀ ẹranko ni kì í gbé arísìkí wọn kiri, Allāhu ni ó ń bọ́ wọn àti àwa náà. Ẹni tí ó tọ́jú àti ẹni tí kò tọ́jú, Ọ̀kan náà ni ó ń bọ́ wọn. Nítorí náà, ìtọ́jú kì í ṣe olùpèsè. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí Olùpèsè ń gbà pèsè ni.

Bí ó bá jẹ́ àìgbàgbọ́ ni ìtọ́jú, Ànábì Yūsuf ìbá má gba àwọn ará Íjíbítì níyànjú pé kí wọ́n dáko fún ọdún méje, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀ de ọdún ọ̀dá méje, àfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a) máa ń ya oúnjẹ ọdún kan sọ́tọ̀ fún ará ilé rẹ̀. Ẹyẹ tí ó fi ṣe àpèjúwe ìgbáralé fún wa, ṣebí ó jáde kúrò nínú ìtẹ́ láàárọ̀ ni kí ó tó yó?

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ̀kẹ́rẹ́ di àáfà wa nínú ohun gbogbo. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa kan wà ní igbó Amẹ́ríkà ti àríwá tí ó máa ń kó èso igi páìnì jọ gègèrè sójú kan, tí ó sì ń lé gbogbo ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn. A kò lè bá a wí, nítorí kò ní sàká láti yọ, a kò sì ní bi í léèrè ní Ọjọ́ Àjíǹde. Àwa ni a óò bi. Ànábì kan náà tí ó ya oúnjẹ ọdún kan sọ́tọ̀ jáde láyé nígbà tí ẹ̀wù ìjà rẹ̀ wà ní ìdógò nítorí ọkà báálì. Níbo ni oúnjẹ ọdún náà lọ? Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé bí aláìní bá dé, inú rẹ̀ náà ni ó ti ń fún wọn. Ó tọ́jú, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ gan-an ni ààlà wà. Arábìnrin wa, máa dá àjọ rẹ lọ. Òógùn ojú rẹ ni, ohun tí o fẹ́ fi ṣe sì hàn kedere. Bí owó bá tó ìwọ̀n tí òfin ẹ̀sìn là sílẹ̀, tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ, yọ ìdá kan nínú 40 rẹ̀, má sì ṣe gbàgbé pé àjọ kọ́ ni Ọlọ́run. Arákùnrin wa alágbàdo, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ẹni tí ó rajà nígbà tí ó pọ̀, tí ó sì ń tà á nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá a, kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí Ànábì bá wí ni ẹni tí ó há oúnjẹ mọ́ra nígbà tí ìlú ń wá a, kí ó lè wọ́n sí i. Kì í ṣe ọjọ́ tí o ra àgbàdo ni a ó fi mọ̀ ọ́, bí kò ṣe ọjọ́ tí ìyá ọlọ́mọ bá gbé kóńgò dé iwájú ìsọ̀ rẹ. Bí o bá ní kò sí, tí ó sì wà, o ti kọjá ààlà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í rí gbogbo ohun tí ó rì mọ́lẹ̀ tán. Àwọn kan yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn yóò hù, wọn yóò di igi ńlá, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí a kò tíì bí yóò sì jẹ nínú èso wọn. Ànábì sì ti kọ́ wa pé Mùsùlùmí tí ó bá gbin igi, tí ènìyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé òun ń gbin igbó. Àwa mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú ohun tí a bá tọ́jú.

Kí Allāhu fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀lẹ, kí ó sì gbà wá lọ́wọ́ ahun. Āmīn.