Ta Ni Yóò San Án?

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní autism. Níbí ní Dublin, kíláàsì àkànṣe ló wà, àwọn mẹ́fà péré. Láàárín ọdún méjì, olùkọ́ mẹ́ta ti fi kíláàsì yẹn sílẹ̀. Ẹni tí kò lọ ni àǹtí kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó jẹ́ SNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì.

Lọ́jọ́ tí ọmọ mi fi ọwọ́ júwe pé òun ń fẹ́ omi, dípò kó máa forí gbá ògiri, mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi nílé náà nìyẹn."

Àṣé olùkọ́ ni wọ́n! Federal College of Education (Special) tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ adití. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é nílé. Owó oṣù ń falẹ̀, àdúrà àwọn òbí ò falẹ̀ rí. Nígbà tó sú wọn, wọ́n kó ẹrù. Níbí, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kàwé lókèèrè gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Irish kí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ tó lè pé. Bí olùkọ́ ṣe di olùrànlọ́wọ́ nìyẹn.

Ṣé wọ́n ṣẹ̀ ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tó bá torí owó fi àkàndá ọmọ sílẹ̀ kò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Mo ní, "Ìwọ tó fi báńkì sílẹ̀ ńkọ́?" Ó dákẹ́.

Lójú tèmi, ìyìn wa gan-an ni ìṣòro. Tí a bá ti pe iṣẹ́ kan ní iṣẹ́ àánú, a ti fọgbọ́n yọ ara wa nínú gbèsè. "Ẹ ní sùúrù o, èmi ò lè ṣe é!" Sùúrù nìkan kọ́. Ìmọ̀ ni, wọ́n jókòó kọ́ ọ ni. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n yọ ara mi sílẹ̀. Nígbà tí àǹtí ń bọ̀, ọmọ adití kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bó ṣe máa fi ọwọ́ sọ orúkọ ara ẹ̀. Ohun tí ọmọ yẹn pàdánù ni ọmọ mi ń jẹ. N kò jí i, àmọ́ ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ohun olóhun bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, gbèsè ló jẹ.

Nípàdé ẹgbẹ́ ìlú wa tó kọjá, wọ́n fẹ́ dáwó kun ilé-ìwé kan nílé. Mo ní ká fi san owó ilé fún olùkọ́ àwọn adití. Wọ́n ní ìyẹn ò ṣeé ya fọ́tò. A ṣì ń fà á.

Àmọ́ mi ò sọ "Ọlọ́run á san án" mọ́. Ọlọ́run ti ṣe tiẹ̀, ó fún àǹtí lọ́gbọ́n. Owó oṣù ló kù, tiwa sì nìyẹn.